Òṣùwọ̀n Ìtọ́jú Arúgbó: Ta Ni Yóò Dáhùn fún Wọn?



Nígbà tí a bá dé orí òfin kẹrin nínú ẹ̀kọ́ wa, èyí tí ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé òun ni ó rọrùn jùlọ nínú àwọn òfin mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí yóò sọ ní gbangba pé òun kò bọ̀wọ̀ fún ìyá òun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ń le sí i lọ́dọọdún ní àwọn ìlú wa, láti Ṣábẹ dé Kétu, títí dé Àjàṣẹ́. Bí bàbá tàbí ìyá bá darúgbó tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, tí kò lè dá jẹun, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká lọ sí Kútọnu, sí Èkó tàbí sí Gàbọ́ọ̀nù, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Bí ọmọ kan bá mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ṣé ó ti rú òfin Ọlọ́run? Bí òmíràn bá sì fi ìyá tirẹ̀ sílẹ̀ nínú agbo ilé, ṣé ó ti pa òfin náà mọ́ nìyẹn?

A kò lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí àyàfi bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí a fi ń wọn ìtọ́jú. Gbogbo wa mọ̀ pé ní ọjà, bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ èké, ọjà náà ti bàjẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀ iye owó.

Ohun tí òfin kẹrin ń béèrè

Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì kọ́ wa pé àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà ní ojúṣe sí àwọn òbí wọn. Níwọ̀n bí agbára wọn bá ti mọ, kí wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ohun tí ara nílò àti nínú ohun tí ọkàn nílò, ní ọjọ́ ogbó, ní ìgbà àìsàn, ní ìgbà tí wọ́n bá dá nìkan wà àti ní ìgbà ìpọ́njú. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ yìí kò dárúkọ ibì kan. Kò sọ yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ òrùlé. Ènìyàn ni ó dárúkọ, àti àìní ènìyàn náà. Ìwé Sírákì, ní orí kẹta, tún fi kún un pé kí ọmọ ní sùúrù fún bàbá rẹ̀ àní nígbà tí òye bàbá náà bá ń dínkù, kí ó má ṣe fi agbára ọ̀dọ́ rẹ̀ tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Àwọn àgbà wa kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ̀tọ́ ni òwe yìí ń sọ, kì í ṣe àánú. Wàrà tí ìyá fún ọmọ ní àná ni ọmọ ń dá padà lónìí.

Jésù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ líle lórí ọ̀ràn yìí. Nínú Ìhìnrere Máàkù, orí keje, ó bá àwọn kan wí tí wọ́n máa ń sọ fún òbí wọn pé ohun tí àwọn ìbá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ti di ọrẹ fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń wá sí ilé ìjọsìn ju bí ó ti kan àwọn tí kì í wá lọ. Ẹni tí ó ra aṣọ ẹgbẹ́, tí ó sì dá owó ìkọ́lé ìjọ, nígbà tí ìyá rẹ̀ kò ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò tíì fún Ọlọ́run ní nǹkan kan nínú ohun ìní ara rẹ̀. Ohun ìyá rẹ̀ ni ó gbé wá síwájú pẹpẹ.

Òṣùwọ̀n èké mẹ́rin

Òṣùwọ̀n èké àkọ́kọ́ ni ẹwà ilé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, oníròyìn kan ní ilẹ̀ Faransé, Victor Castanet, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn ìwádìí ọdún mẹ́ta. Àkọlé rẹ̀ ni Les Fossoyeurs, èyíinì ni Àwọn Agbẹ́sàréè. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó tí owó wọn ga gidigidi, tí ìta wọn sì ń dán. Ó kọ ọ́ pé nínú ilé wọ̀nyí, wọ́n ń ka iye ìlédìí tí arúgbó lè lò lójúmọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ oúnjẹ lò kí èrè lè pọ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba rí àléébù ńlá nínú ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n mú òbí wọn lọ síbẹ̀ kì í ṣe ìkà ènìyàn. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo òdòdó, wọ́n wo iye owó, wọ́n sì rò pé ohun tí ó wọ́n kò lè ṣàì dára.

Òṣùwọ̀n èké kejì ni àṣà tí a fi ń yangàn. Nígbà tí ooru ńlá mú ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, nǹkan bí 15,000 ènìyàn ni ó kú, púpọ̀ jùlọ nínú wọn sì jẹ́ arúgbó. Ní Párísì, àwọn òkú kan wà tí ẹbí kankan kò wá gbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a sin 57 nínú wọn ní ìtẹ́ òkú Thiais, Ààrẹ Jacques Chirac sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ níhìn-ín a máa mi orí, a sì máa sọ pé àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún pàápàá, nígbà tí ó wá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, fọwọ́ sí ìwé Africae Munus ní Ouidah, ó sì yin Áfíríkà nínú rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ tí ó ń fún àwọn àgbà. Ìyìn náà dùn, ṣùgbọ́n ìyìn a máa di gbèsè lọ́rùn ẹni tí a yìn.

Nítorí ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Agbo ilé wà tí ìyá àgbà wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ó jẹ́ pé ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tí a mú wá láti oko ni olùtọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà kò lọ sí ilé ìwé mọ́ nítorí iṣẹ́ yìí. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó sì lọ ṣeré, nítorí pé ọmọdé ni. Ọwọ́ ìyá àgbà kò lè gbé oúnjẹ dé ẹnu mọ́. Eṣinṣin ni ó ń bá a jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lé e jáde nílé, síbẹ̀ a ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ènìyàn méjì ni a sì ṣẹ̀ nínú ilé yìí, ìyá àgbà àti ọmọdé náà.

Òṣùwọ̀n èké kẹta ni owó tí a ń rán. Owó dára, nítorí láìsí i a kò lè ra oògùn. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, tí ó ń fi fóònù rán owó sílé lóṣooṣù, ń ṣe ohun tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n owó jẹ́ ìránṣẹ́ tí kì í padà wá jíṣẹ́. Kì í sọ ẹni tí ó gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ bóyá arúgbó tọ́ ẹran inú ọbẹ̀ náà wò. Bí a bá ti rán an tán tí ọkàn wa sì fúyẹ́, owó náà ti tù wá lára kí a tó mọ̀ bóyá ó tu arúgbó lára.

Òṣùwọ̀n èké kẹrin ni ìnáwó òkú. Àwọn bàbá wa ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òtítọ́ ni pé sísin òkú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àánú tí Ìjọ kọ́ wa. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹbí tí ó yá owó ra màlúù, tí ó dá aṣọ ọ̀kan náà, tí ó pa àgọ́ dí òpópónà, fún ẹni tí a sọ pé kò sí owó oògùn rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Èdè wa fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ fún wa. Ohùn díẹ̀ ni ó wà láàrin sin, tí í ṣe kí a gbé òkú sí ilẹ̀, àti sìn, tí í ṣe kí a ṣe ìránṣẹ́ fún ẹni tí ó wà láàyè. Nínú èyí èkejì ni a sì ti mú ìsìn tí a ń ṣe fún Ọlọ́run jáde. Kí ẹni tí ọmọ sin jẹ́ ẹni tí ọmọ ti kọ́kọ́ sìn.

Òṣùwọ̀n tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpóstélì, ní orí kẹfà, ròyìn bí Ìjọ àkọ́kọ́ ti wọn ìtọ́jú tirẹ̀. Ní Jerúsálẹ́mù, a ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Àwọn onígbàgbọ́ tí ń sọ èdè Gíríkì wá ráhùn pé a ń fojú fo àwọn opó tiwọn dá. Àwọn Àpóstélì kò dáhùn pé, àwa tí a bá Jésù jẹun, ṣé àwa ni a ó fi ebi pa opó? Wọn kò sọ pé oúnjẹ tí ó ń jáde lójúmọ́ pọ̀, nítorí náà ìráhùn náà kò tọ́. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn ní rere láti máa bójú tó iṣẹ́ náà. Orúkọ Gíríkì sì ni gbogbo orúkọ àwọn méje náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí Stéfánù. Ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ráhùn gan-an ni a ti mú àwọn alábòójútó.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ fún wa. Èkínní, oúnjẹ tí ó jáde nínú ilé ìdáná kọ́ ni òṣùwọ̀n; èyí tí ó dé ọwọ́ opó tí ó kẹ́yìn ni òṣùwọ̀n. Èkejì, ẹni tí ó ní ohùn ni ó gbọdọ̀ ráhùn fún ẹni tí kò ní. Ẹ̀kẹta, inú rere kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ àyẹ̀wò. Ẹni mímọ́ pàápàá lè fojú fo ènìyàn dá láìmọ̀.

Nítorí náà, a lè sọ òṣùwọ̀n òtítọ́ báyìí: ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè ráhùn, ní wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Irú òṣùwọ̀n yìí ni Ẹni Mímọ́ Jeanne Jugan fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún 1839, ní Saint-Servan ní ilẹ̀ Faransé, obìnrin yìí, tí ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò sì lówó, gbé arúgbó afọ́jú kan tí ara rẹ̀ ti rọ wá sí ibùgbé rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gun òkè àjà lọ sùn. Láti orí ibùsùn kan yìí ni àwọn Arábìnrin Kékeré ti Àwọn Tálákà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń tọ́jú àwọn arúgbó tálákà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí, títí kan ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kéde rẹ̀ ní Róòmù pé ẹni mímọ́ ni. Ilé arúgbó ni iṣẹ́ rẹ̀, Ìjọ sì yìn ín nítorí rẹ̀. A kò lè sọ nígbà náà pé ilé arúgbó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ohun tí a ní láti béèrè ni bóyá ibùsùn tí ó dára ni a fún arúgbó, tàbí èyí tí ó ṣẹ́kù.

Bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n

Ẹ kọ́kọ́ wo ara. Arúgbó tí kò lè yí ara rẹ̀ padà a máa dá egbò sí ìdí, sí ẹ̀yìn àti sí gìgísẹ̀, bí a kò bá máa yí i padà ní nǹkan bí wákàtí méjì méjì. Ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n egbò kì í purọ́. Bákan náà, arúgbó kì í tètè mọ òùngbẹ, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń fẹ́ omi. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò fún un ní omi nítorí pé kò béèrè, kò tíì wí àwíjàre.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀wọ̀. Nígbà tí a bá ń wẹ̀ ẹ́, ṣé a ń bò ó lójú àwọn tí ń kọjá? Ṣé orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ ni a fi ń pè é, àbí “arúgbó yìí”? Ṣé a ń bi í bóyá ẹ̀kọ ni ó fẹ́ tàbí ọkà, bóyá aṣọ yìí tàbí ìyẹn? Àgbà tí a kò bi léèrè ohunkóhun mọ́ ti di ẹrù nínú ilé.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe sí ẹni tí òye rẹ̀ ti dínkù. Àìsàn ọpọlọ wà tí ó máa ń mú kí àgbà gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, kí ó máa rìn kiri lóru, kí ó máa bá ẹni tí ó ti kú sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà mọ àìsàn yìí dáadáa. Kí a pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní àjẹ́, kí a lù ú, kí a fi ebi pa á tàbí kí a lé e kúrò nílé, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni sí òfin kẹrin àti sí òfin karùn-ún. Kò sí àṣà tàbí àlá ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ ọ́ di ohun tí ó tọ́.

Ẹ wo ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú náà pẹ̀lú. Níbi púpọ̀, ìyàwó ilé kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí gbé iṣẹ́ yìí lé lórí. Òun ni ó ń jí lóru, òun ni ó ń fọ aṣọ, òun náà ni a óò sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìtọ́jú tí ó ń pa ẹnìkan kí ó lè gba ẹnìkejì là kò tíì pé. Bí ó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú, ẹ béèrè iye arúgbó tí ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan lóru, kí ẹ sì béèrè bóyá a ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ẹ wo ọkàn. Bí àgbà náà bá jẹ́ onígbàgbọ́, ṣé a ń pe àlùfáà kí ó gbé Ara Olúwa wá fún un, kí ó sì fi òróró yàn án nígbà àìsàn, àbí ọjọ́ òkú ni a ń dúró dè? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín ni òbí wọn kì í ṣe Kristẹni. Bí bàbá yín bá jẹ́ Mùsùlùmí, bí ìyá yín bá ń bọ òrìṣà, òfin kẹrin kò dínkù nítorí rẹ̀. Ìrìbọmi tí ẹ ó gbà kò san gbèsè ọmọ kúrò lọ́rùn yín. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi oúnjẹ tàbí oògùn ra ìgbàgbọ́ wọn. Ẹ sìn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdáhùn

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ní ọmọ márùn-ún tí mo ń bọ́. Kí ni kí n ṣe?” Ìbéèrè òtítọ́ ni, Ọlọ́run kò sì béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a wo Jésù lórí àgbélébùú, bí Ìhìnrere Jòhánù ti ròyìn rẹ̀ ní orí kọkàndínlógún. Ìyá rẹ̀ dúró nísàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ti kàn mọ́gi. Kò lè bu omi fún un mọ́, kò lè dì í mú. Síbẹ̀ kò sọ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ó fi ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn tí ó fẹ́ràn lọ́wọ́. Ó bá ìyá náà sọ̀rọ̀, ó sì bá ọmọ ẹ̀yìn náà sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Láti wákàtí náà ni ọmọ ẹ̀yìn náà ti mú un lọ sí ilé ara rẹ̀.

Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ ara yín tọ́jú òbí yín, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún “ẹbí” ní gbogbogbòò, nítorí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í ní olùṣọ́. Ẹ fi í lé ẹnìkan tí ó ní orúkọ lọ́wọ́. Ẹ sọ ọ́ lójú òbí náà, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí. Ẹ rí i dájú pé ẹni tí ẹ fi í lé lọ́wọ́ gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa padà wá, ẹ máa béèrè, ẹ máa wò. Iṣẹ́ ìtọ́jú ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn fún òbí kò ṣeé fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ ni ó wà títí ikú.

Nísinsìnyí a lè dá ìbéèrè wa àkọ́kọ́ lóhùn. Ọmọ tí ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú tí ó dára, tí ó ń bẹ̀ ẹ́ wò, tí ó ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, tí ó ń ráhùn fún un bí nǹkan bá wọ́, ti bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn tí kò sì wọ ibẹ̀ mọ́ kò tíì bọ̀wọ̀ fún un, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà.

Póòpù Francis, ẹni tí Ọlọ́run pè ní ọdún 2025, dá Ọjọ́ Àwọn Òbí Àgbà àti Àwọn Arúgbó sílẹ̀ fún gbogbo Ìjọ ní ọdún 2021, ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin oṣù Keje. Ẹ má ṣe dúró de oṣù Keje. Kí a tó tún pàdé fún ẹ̀kọ́ tí ó kàn, kí olúkúlùkù yín lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà kan ní wákàtí tí a kò retí rẹ̀: òbí yín ni o, ìyá ìyá yín ni o, tàbí arúgbó àdúgbò tí kò ní ọmọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ fún un ní omi kí ó tó béèrè. Ẹ bi í ní ohun tí ó wù ú kí a ṣe fún un, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ wo ara rẹ̀, kí ẹ sì lọ sọ fún àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fún wa ní bàbá àti ìyá, fún wa ní ojú láti rí wọn ní ọjọ́ tí wọn kò lè pè wá mọ́. Àmín.